Ìwọ̀n Tí A Lè Bá Gbé: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹ̀yin Tí Ara Yín Ti Fọn

Alága ìjókòó òní, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ẹ wà láàrin wa, ẹ̀yin ẹbí àti ọ̀rẹ́ tí ẹ sin àwọn ènìyàn yín wá, àti ní pàtàkì jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ti bá ìsanrajù wọ̀jà fún oṣù, àní fún ọdún, tí ẹ sì ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ nítorí pé iṣẹ́ ni. Ẹni tí kò bá ṣe é rí nìkan ló máa ń rò pé oúnjẹ díẹ̀ ni ènìyàn kàn ń yọ kúrò nínú àwo.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ lónìí kò jẹ mọ́ bí a ṣe ń fọn. Púpọ̀ nínú yín mọ ìyẹn jù mí lọ. Ibi tí a ó dúró sí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Nígbà tí ènìyàn bá wọn kílò 118, tí àtẹ̀gùn ilé kan ṣoṣo ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ, kò sí ẹni tí í bi í pé níbo ni yóò dúró sí. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí kílò 20 bá lọ, tí 30 lọ, tí wọ́n ti rán aṣọ rẹ̀ mọ́ra títí tí aṣọ náà kò gba abẹ́rẹ́ mọ́, ìbéèrè kan yóò yọjú tí òṣùwọ̀n kò lè dáhùn: ṣé ó tó, àbí kò tíì tó? Ta ni yóò sọ pé ó tó? Kí sì ni onítọ̀hún yóò fi mọ̀?

Èrò tèmi nìyí, n ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ó má baà farasin. Ìwọ̀n tó yẹ kí ènìyàn dúró sí ni ìwọ̀n tí ara rẹ̀ ti le níbẹ̀, tí ìgbé-ayé tí yóò fi dì í mú sì jẹ́ èyí tí ó lè máa gbé lọ ní ọdún márùn-ún sí i, láàárín ẹbí, níbi iṣẹ́, nígbà ìbànújẹ́ àti nígbà ayọ̀. Bí ìlera bá wà níbẹ̀ tí ìgbé-ayé náà kò ṣeé gbé, a kò tíì rí i. Bí ìgbé-ayé náà bá rọrùn tí àìsàn ṣì ń bá wa jókòó, a kò tíì rí i náà.

Níbo ni nọ́ńbà tó wà lọ́kàn wa ti wá?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà tí olúkúlùkù ti gbé sọ́kàn. Bí mo bá ní kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé báyìí, ó dá mi lójú pé èyí tó pọ̀ jù ni yóò parí sí òdo tàbí sí aárùn-ún: 60, 65, 70, 80. Èé ṣe? Ṣé ara mọ òdo ni? Ẹni tó ń lépa kílò 70, bí ó bá gun òṣùwọ̀n tó ń ka pọ́n-ùn, 154 ni yóò rí, n kò sì tíì gbọ́ rí pé ẹnì kan ń lá àlá 154. Ara kan náà ni o, ènìyàn kan náà ni.

Ọ̀pọ̀ ló mú nọ́ńbà tiwọn láti ìgbà èwe. "Kílò 62 ni mo wọn ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ibẹ̀ ni mo ń padà sí." Mo máa ń gbọ́ ọ lemọ́lemọ́, ó sì máa ń ṣe mí láàánú, nítorí pé ara ọmọ ọdún 22 tó wọn kílò 62 yàtọ̀ sí ara ẹni ọdún 48 tó ti bímọ, tó ti ru kílò 118 fún ọdún pípẹ́, tí iṣan àti eegun rẹ̀ sì ti lágbára sí i kí wọ́n lè gba ẹrù náà. Awọ tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rá ti lọ kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó lè wọn kílò mélòó kan fúnra rẹ̀. Ẹ̀bùn tí ìsanra fi sílẹ̀ ni. Kò sí oúnjẹ tí a lè dín kù tí yóò mú un lọ. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè gé e, àwọn oníṣẹ́ abẹ sì máa ń fẹ́ kí ìwọ̀n ènìyàn ti dúró sójú kan fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Àwọn mìíràn mú tiwọn láti inú àtẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn. Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí pé nọ́ńbà tó ti inú àtẹ wá máa ń ní ọlá lójú wa, bí ẹni pé láti ọ̀run ni wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣé ẹ mọ ẹni tó pilẹ̀ ìṣirò tí a ń pè ní BMI? Adolphe Quetelet ni, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, onímọ̀ ìràwọ̀ àti onímọ̀ ìṣirò. Kì í ṣe dókítà. Ní nǹkan bí ọdún 1832 ni ó ṣàkíyèsí pé bí a bá kó àgbàlagbà púpọ̀ jọ, ìwọ̀n wọn ń bá gíga wọn rìn ní ìlànà kan, a ó sì rí i bí a bá fi gíga náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí a tó fi pín ìwọ̀n. Ohun tí ó ń wá ni bí ènìyàn ṣe rí ní ìpíndọ́gba. Kò sí aláìsàn kankan níwájú rẹ̀. Ó di ọdún 1972 kí Ancel Keys, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fún un ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Kó tó dìgbà náà, àtẹ tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò Metropolitan Life ṣe ní àárín ọdún 1940 sí 1943 ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò. Ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ mọ irú oníbàárà tí ikú kò ní tètè mú lọ, kí owó tiwọn má baà bọ́ sọ́nù. Wọ́n tún àtẹ náà ṣe ní 1959, wọ́n tún un ṣe ní 1983, nígbà tí wọ́n sì tún un ṣe ní 1983, ọ̀pọ̀ ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀ ló gòkè.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Títí di ọdún 1998, ìlà tí Amẹ́ríkà fi ń sọ pé ọkùnrin ti wúwo jù ni BMI 27.8, ti obìnrin sì jẹ́ 27.3. Ní ọdún náà wọ́n fa ìlà méjèèjì wálẹ̀ sí 25, kí ó lè bá ti Àjọ Ìlera Àgbáyé mu. Ẹgbàágbèje ènìyàn ló sùn ní alẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ dára, tí wọ́n sì jí ní ẹni tó wúwo jù, láìjẹ ohunkóhun mọ́jú. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kó jọ tún sọ pé fún àwọn ènìyàn Éṣíà, ó yẹ kí a ti máa fojú sílẹ̀ láti 23, torí pé àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn ti ń bá wọn jà kí wọ́n tó dé 25. Ìka kò dọ́gba. Àwọn tó ń ṣe àtẹ gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé kí a wá ya àtẹ náà dànù ni? Rárá o. Ó wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà á bí ó ṣe rí. Ẹni tó ga tó mítà 1.65, tí BMI rẹ̀ wà láàárín 18.5 àti 25, ìwọ̀n rẹ̀ lè jẹ́ kílò 50 ó lé díẹ̀, ó sì lè jẹ́ kílò 68. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ju kílò 17 lọ! Àtẹ tí a ní ó fún wa ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, òun fúnra rẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà kan ṣoṣo rí.

Ti ẹnu ayé ńkọ́? N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹni tó ní "o ti rù jù, ṣé kò sí nǹkan?" àti ẹni tó ní "ó kù díẹ̀ sí i", àwọn méjèèjì kò bá yín gun òṣùwọ̀n, wọn kò sì bá yín lọ síbi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ohun tí ara ń ṣe lábẹ́lẹ̀

Mo bọ́ sí kókó kejì, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí méjèèjì gbọ́, nítorí pé àìmọ̀ ọ́n ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa pe ara wọn ní ọ̀lẹ láìjẹ́ ọ̀lẹ.

Ọ̀rá inú ara kì í jókòó lásán. Ó ń tú họ́mónù kan jáde tí a ń pè ní leptin, tí àwọn onímọ̀ ṣàwárí ní ọdún 1994; òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ṣì wà ní ìpamọ́. Bí ọ̀rá bá dín, leptin á dín, ọpọlọ á sì gbọ́ pé ìyàn dé. Ikùn náà á máa tú ghrelin jáde sí i, èyí tó ń pe ebi. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí kan ní Ọsirélíà gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí ènìyàn 50 tí wọ́n mú fọn. Lẹ́yìn ọdún kan gbáko, àwọn họ́mónù ebi wọn kò tíì padà sí bí wọ́n ṣe wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ebi sì ń pa wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ nìkan kọ́. Ara tún ń há agbára ná. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 1995 fi hàn pé ẹni tó bá dín ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ kù, tó sì dúró síbẹ̀, agbára tí ara rẹ̀ ń ná lójúmọ́ kéré sí èyí tó yẹ kí ara tó tóbi tó tirẹ̀ máa ná. Ní 2016, wọ́n tún padà lọ wo ènìyàn 14 tó ti kópa nínú ìdíje fífọn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìdíje náà. Púpọ̀ nínú ìwọ̀n wọn ti padà, síbẹ̀ ara wọn ń ná nǹkan bíi kálórì 500 kéré sí iye tó yẹ lójúmọ́, bí wọ́n tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Ọdún mẹ́fà o!

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń yan ìwọ̀n? Ó túmọ̀ sí pé bí àwa méjì bá wọn kílò 75, tí èmi ti wà níbẹ̀ láti ìgbà èwe, tí ìwọ sì ti 118 wá, oúnjẹ tí yóò dá mi dúró síbẹ̀ yóò pọ̀ ju tìrẹ lọ, ebi rẹ yóò sì pọ̀ ju tèmi lọ. Kò dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ó tún túmọ̀ sí pé owó orí kílò kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba: èyí tó wà nísàlẹ̀ máa ń wọ́n ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ. Láti 118 dé 108, ara lè má tíì jà. Láti 75 dé 65, ara yóò jà pẹ̀lú gbogbo ohun ìjà tó ní, kò sì ní dẹwọ́ lọ́jọ́ tí a bá dé 65. Ibẹ̀ ni ìjà gan-an ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé kílò márùn-ún péré ló kù òun, mo máa ń bi í pé: kí ni wàá fi san án, títí di ìgbà wo ni wàá sì máa san án?

Ohun tí ìlera ń béèrè, àti ohun tí ọkàn ń béèrè

Ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì yìí sọ́tọ̀, nítorí pé a máa ń pò wọ́n pọ̀.

Ohun tí ìlera ń béèrè kì í tó ohun tí ọkàn ń béèrè. Ní ọdún 2002, ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ènìyàn 3,234 ṣe, àwọn tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn gbìyànjú láti dín ìdá 7 nínú 100 ìwọ̀n wọn kù, kí wọ́n sì máa fi ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́. Àtọ̀gbẹ dín kù láàárín wọn ní ìdá 58 nínú 100. Fún ẹni tó wọn kílò 118, ìdá 7 jẹ́ kílò mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Òṣùwọ̀n ṣì ń ka nǹkan bíi 110, àtẹ ṣì ń pariwo, èrè ńlá sì ti wọlé. Ní Scotland àti England, ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2017 wo àwọn tí àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ti mú: láàárín àwọn tó dín kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kù, ìdá 86 nínú 100 ni àtọ̀gbẹ ti fi sílẹ̀ ní ìparí ọdún kìíní láìlo oògùn rẹ̀.

Ohun tí ọkàn ń béèrè ńkọ́? Ní 1997, àwọn olùwádìí kan jókòó ti obìnrin 60 tó sanra púpọ̀ kí ìtọ́jú wọn tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí olúkúlùkù sọ ìwọ̀n tó ń lá lálàá, ìwọ̀n tí inú rẹ̀ yóò dùn sí, ìwọ̀n tó lè gbà bẹ́ẹ̀ náà, àti ìwọ̀n tí yóò jẹ́ ìjákulẹ̀ fún un. Ọ̀sẹ̀ 48 kọjá. Ní ìpíndọ́gba, wọ́n ti dín kílò 16 kù, èyí tí dókítà èyíkéyìí yóò pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ mọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ìdá 47 nínú 100 wọn ni kò tilẹ̀ dé ìwọ̀n tí àwọn fúnra wọn ti pè ní ìjákulẹ̀. Ẹ rò ó wò: ènìyàn borí, ó sì ń sunkún lórí ìborí, nítorí nọ́ńbà tó ti gbé sọ́kàn kí ó tó mọ ohun tí ara rẹ̀ lè ṣe.

N kò sọ pé ohun tí ọkàn ń fẹ́ kò ṣe pàtàkì. Ó dára kí aṣọ bá ni mu, ó dára kí ènìyàn wo dígí kí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ pé ẹwà ni a ń lé, kí a má baà fi orúkọ ìlera pè é.

Ìtàn ẹni méjì

Obìnrin kan wà tí mo bá rìn fún ìgbà pípẹ́, mítà 1.65 ni gíga rẹ̀, 118 ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé 78, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀ sí ibi tó dára láìlo oògùn, ṣúgà rẹ̀ dára, ó ń gun òkè láìdúró mí. Ṣùgbọ́n 65 ló wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́. Ó tiraka dé 71. Ọjọ́ kan ó gbé ìwé tó máa ń kọ oúnjẹ àti ìwọ̀n rẹ̀ sí wá fún mi. Ní ojú ewé kan, ó ti kọ 71.4 lẹ́ẹ̀marùn-ún tẹ̀lé ara wọn, pẹ̀lú aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: aago mẹ́fà àárọ̀, mẹ́fà ààbọ̀, méje, méje ààbọ̀, mẹ́jọ. Ó ń gun òṣùwọ̀n kó tó mu omi, lẹ́yìn tó mu omi, lẹ́yìn tó tọ̀, lẹ́yìn tó yọ yẹtí rẹ̀. Mo bi í nípa ara rẹ̀. Irun rẹ̀ ń já, òtútù ń mú un nígbà tí àwọn mìíràn ń làágùn, nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ó sì ti di oṣù mélòó kan tí kò jókòó jẹun pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí pé òórùn oúnjẹ wọn ń mú inú bí i. Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. A jọ sọ̀rọ̀ títí, dókítà rẹ̀ náà bá a sọ̀rọ̀, ó sì gbà láti padà gòkè díẹ̀. Àárín 76 sí 79 ló wà báyìí. Àtẹ ní ó ṣì wúwo jù. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti padà, ó sì ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun.

Kí ẹ má baà rò pé mo ń sọ pé kí gbogbo ènìyàn tètè dúró, ẹ gbọ́ ti ọkùnrin kejì. Mítà 1.78 ni gíga tirẹ̀, ó ti 131 bọ́ sí 101, gbogbo ènìyàn sì ń yìn ín. Ó ní ó tán, òun ti dé. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ sọ níwájú rẹ̀ pé ó ṣì ń han-run lóru, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró tí yóò sì tún ta gìrì. Oríṣi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì ló ṣì ń lò. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń ro ó. Mo bi í bóyá ebi ń pa á. Ó ní rárá. Ṣé ó ń sùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé oúnjẹ ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ rí i pé ara tirẹ̀ kò tíì máa jà. Ìyìn ló dá a dúró. Ó tún rọra sọ kílò mẹ́sàn-án kalẹ̀, wọ́n yọ oògùn kan kúrò nínú méjì, èémí rẹ̀ lóru sì dára sí i gidigidi. Ó dúró sí 92. Àtẹ kò tíì gbà fún òun náà.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni méjèèjì ni àtẹ ń pè ní ẹni tó wúwo jù, síbẹ̀ ọ̀kan ní láti gòkè, èkejì ní láti sọ̀ kalẹ̀.

Bí a ṣe ń dán ìwọ̀n wò

Báwo wá ni a ṣe ń ṣe é? Ohun tí mo máa ń sọ ni pé a kì í yan ìwọ̀n tán kí a tó gbé inú rẹ̀ wò. Bí ẹ bá ti dé ibi tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti oorun yín ti dára, ẹ dáwọ́ fífọn dúró fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ẹ rọra máa fi oúnjẹ kún oúnjẹ, díẹ̀díẹ̀, títí òṣùwọ̀n yóò fi dúró. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń bani nígbà náà, nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kílò kan tàbí méjì lè padà lọ́gán. Ẹ má ṣe bẹ̀rù rẹ̀. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ń fa nǹkan bíi gíráàmù omi mẹ́ta mọ́ra. Nígbà tí a bá ń febi pa ara, ìpamọ́ yìí máa ń tán, bí a bá sì tún jẹun, yóò kún padà pẹ̀lú omi rẹ̀. Omi ni, kì í ṣe ọ̀rá. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ má ṣe fi ìwọ̀n tí ẹ rí ní ọjọ́ tí ebi pa yín jù lọ ṣe àfojúsùn. Ìwọ̀n ọjọ́ kan ni.

Láàárín oṣù mẹ́ta yìí, ẹ máa wo ara yín. Ṣé ẹ ń sùn? Ṣé òtútù ń mú yín láìnídìí? Ṣé irun ń já, ṣé inú ń tètè bí yín? Fún ẹ̀yin obìnrin tí ọjọ́ orí yín ṣì gbà á, ṣé nǹkan oṣù ń wá déédéé? Nígbà tí ẹ wà láàárín ọ̀rẹ́, ṣé ọ̀rọ̀ wọn ni ẹ ń gbọ́ ni, àbí oúnjẹ tó wà lórí tábìlì ni ẹ ń kà lọ́kàn? Ṣé ẹ lè gbé ohun tó wúwo bí ẹ ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé nínú ìwọ̀n tó ń lọ, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin tí kì í ṣe ọ̀rá rárá; iṣan máa ń bá a lọ, pàápàá bí ènìyàn kò bá ṣe eré ìdárayá tó ń lo agbára. Ẹni tó bá gba iṣan rẹ̀ padà lè wọn kílò méjì sí i, kí ikùn rẹ̀ sì kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí òṣùwọ̀n ń dà láàmú, ẹ wá okùn ìwọ̀nṣọ. Ìlànà ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2022 ní kí àyíká ikùn, lókè ìdodo díẹ̀, má ṣe tó ìdajì gíga ènìyàn. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 165, kí okùn náà má kọjá 82. Ó rọrùn, kò sì mọ bóyá awọ tó rọ̀ sílẹ̀ ní itan ń wọn kílò mélòó.

Nígbà tí ẹ bá sì wá yàn, ẹ má ṣe yan ojú kan. Ẹ yan àárín. Kílò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo fẹ́ràn: láti 76 sí 79, bí àpẹẹrẹ. Ara kì í dúró sójú kan. Iyọ̀, oorun, nǹkan oṣù àti ìgbẹ́ tí a kò tíì yà, gbogbo wọn ló ń gbé òṣùwọ̀n sókè sódò láàárín ọjọ́ kan sí òmíràn. Ẹni tó yan 76 gẹ́gẹ́ bí ojú kan yóò máa kùnà lójoojúmọ́. Ẹni tó yan àárín yóò sùn. Ṣùgbọ́n ìlà òkè gbọ́dọ̀ ní agbára. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀lé ara wọn, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe kí ó tó di kílò mẹ́wàá. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1994, tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó dín ó kéré tán kílò 13.6 kù sí, tí wọ́n sì dì í mú fún ọdún kan ó kéré tán. Nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló ń gun òṣùwọ̀n ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì ń ṣe eré ìdárayá fún nǹkan bíi wákàtí kan lójúmọ́. Wákàtí kan. Ẹ fi ìyẹn kún ìṣirò yín nígbà tí ẹ bá ń yàn: ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ náà, ṣé ẹ ní wákàtí tí yóò máa bọ́ ọ?

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tuntun wọ̀nyí ni ẹ fi fọn, ọ̀rọ̀ kan ni mo ní fún yín. Oògùn tí wọ́n ń pè ní semaglutide mú kí àwọn tó lò ó nínú ìwádìí ọdún 2021 dín nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ìwọ̀n wọn kù ní ọ̀sẹ̀ 68; ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó lọ ló ti padà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń yan ìwọ̀n nígbà tí oògùn ń pa ebi fún yín, ẹ bi dókítà yín bóyá ẹ ó máa lò ó lọ. Ìwọ̀n tí ẹ lè bá gbé pẹ̀lú oògùn àti èyí tí ẹ lè bá gbé láìsí i lè má jẹ́ ọ̀kan náà, kò sì sí ìtìjú nínú èyí tí ẹ bá yàn.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá wí

Ẹni tó lóyún, kí ó fi gbogbo ohun tí mo sọ sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń fọn láìgbìyànjú, tí kò dín oúnjẹ kù tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ń lọ, kí ó má ṣe jókòó yan àfojúsùn kankan; dókítà ni kí ó tọ̀ lọ ní kíákíá. Ẹni tó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun kò lè dáwọ́ fífọn dúró mọ́, tó ń bì lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí tó ń fìyà jẹ ara rẹ̀ nítorí ohun tó jẹ, ìrànlọ́wọ́ ni ó nílò, kì í ṣe nọ́ńbà tuntun.

Ẹ̀yin àgbà náà, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Lẹ́yìn ọdún 65, ara tó gbé ẹran díẹ̀ sábà máa ń la àìsàn àti ìṣubú kọjá ju èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, iṣan tó bá sì lọ nígbà náà ṣòro láti pè padà. Ìwọ̀n tí ẹ yàn ní 50, ẹ tún un yẹ̀ wò ní 65. Kò sí òfin tó ní kí ó wà títí láé. Bákan náà ni fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró nítorí ọjọ́ orí, nítorí pé ọ̀rá á máa ṣí lọ sí ikùn nígbà náà, bí òṣùwọ̀n kò tilẹ̀ sún. Okùn ìwọ̀nṣọ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un.

Bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà yín lẹ́yìn ìpàdé yìí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́ ni ìwọ̀n oṣù mẹ́ta tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àyíká ikùn yín, orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, àti bí oorun yín ṣe rí. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan yìí: "Bí mo bá dúró síbí, àìsàn wo ló ṣì kù tí kílò mìíràn yóò bá mi lé lọ?" Bí ó bá dárúkọ rẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń bá yí. Bí kò bá sí èyí tí ó lè dárúkọ, ọwọ́ yín ni ìyókù wà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ alága, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín fún sùúrù. Wọ́n ní a ṣì ní àkókò díẹ̀ fún ìbéèrè. Mo ti rí ọwọ́ méjì lókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún.